Bí Ìwòsàn Kò Bá Tọ́jọ́, Ṣé Ìgbàgbọ́ Ni Kò Tó?

Bí ènìyàn bá dúró de ọkọ̀ ní oríta Effurun, tàbí tí ó ń rìn kọjá ní Enerhen, ohun kan tí ojú kò lè fò dá ni ìwé ìpolówó ìsọjí lára ògiri àti òpó iná. Wọn a ní kí arọ wá kí ó lè rìn, kí afọ́jú wá kí ó lè ríran, kí ẹni tí dókítà ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀ wá gba ìwòsàn. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Àwọn kan jó, wọ́n yọ̀, wọ́n sì jẹ́rìí níwájú ìjọ pé àìsàn ti lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àìsàn tí a ti lu ìlù ìdágbére fún tún yọjú.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ àsọ-sínú. Ẹni tí ó ti jẹ́rìí ní gbangba kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ara òun kò tún yá mọ́. Bí ó bá sọ ọ́, wọn a bi í pé, "Ṣé o gbàgbọ́ délẹ̀délẹ̀? Ṣé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú rẹ?" Bí kò bá sì sọ ọ́, òun nìkan ni yóò máa jẹ ìrora náà mọ́ra, bóyá láìlo oògùn, nítorí pé ẹni tí ó bá ń lo oògùn lẹ́yìn ẹ̀rí ti sọ ara rẹ̀ di aláìgbàgbọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Láìdéènà pẹnu, ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni pé bí àìsàn bá lọ tí ó sì padà, kì í ṣe ẹ̀rí pé ìgbàgbọ́ aláìsàn kò tó. Ọ̀pọ̀ àìsàn ni ó jẹ́ pé ìwà wọn gan-an ni lílọ àti bíbọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìwà àìsàn ni yóò máa wá ẹ̀bi sí ọrùn aláìsàn.

Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÒ ṢẸ̀ṢẸ̀ BẸ̀RẸ̀

Kí ẹ̀sìn òkèèrè tó dé, Yorùbá kò ya ìwòsàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀sìn. Babaláwo a dífá kí ó tó já ewé, onísègùn a sì ké sí Ọ̀sanyìn kí ó tó gún àgbo. Nígbà tí ẹ̀sìn Mùsùlùmí dé, àwọn ààfáà ń fún aláìsàn ní omi tí wọ́n fi fọ wàláà mu. Àdúrà àti oògùn jọ ń rìn ni. Ìgbà tí àwọn kan sọ pé kí ènìyàn mú àdúrà kí ó sì ju gbogbo oògùn nù ni ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn.

Ní agbègbè Niger Delta tí a wà yìí, Garrick Braide, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ní Bakana ní ilẹ̀ Kalabari, fa ogunlọ́gọ̀ ènìyàn mọ́ra ní nǹkan bí ọdún 1915 sí 1916. Ó ń gbàdúrà fún aláìsàn, ó sì ń pàṣẹ pé kí wọ́n sun òrìṣà àti oògùn ìbílẹ̀ wọn. Ìjọba òyìnbó mú un ní ọdún 1916, ó sì kú ní ọdún 1918.

Ọdún 1918 yìí kan náà ni àrùn ọ̀fìnkìn ńlá tí àwọn baba wa ń pè ní lùkúlùkú jà káàkiri ayé. Ìjọba ti ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ àdúrà kan bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour's. Joseph Shadare ni àgbà wọn, tíṣà obìnrin kan tí ń jẹ́ Sophia Odunlami sì wà láàárín wọn, ẹni tí ó sọ pé a fi hàn òun pé kí aláìsàn lo omi òjò pẹ̀lú àdúrà. Àrùn náà pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, síbẹ̀ àwọn tí ó mú tí wọ́n sì yè pọ̀ ju àwọn tí ó pa lọ. Ẹni tí ó gbàdúrà tí ó sì yè kò gbàgbé àdúrà náà láéláé. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìròyìn ìjọ Faith Tabernacle tí ó wà ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé onígbàgbọ́ tòótọ́ kò gbọdọ̀ lo oògùn kankan, ìbáà ṣe àgbo, ìbáà ṣe ti òyìnbó.

Ní oṣù Keje ọdún 1930, iná ìsọjí ràn ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà. Joseph Ayo Babalola, ọmọ Odò-Ọwá, ẹni tí ó ti ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀nà fún ìjọba kí ó tó sọ pé Ọlọ́run pe òun ní ọdún 1928, ni wọ́n ń rọ́ lọ bá. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dé láti ìlú gbogbo pẹ̀lú ìgò àti kèrègbè omi lọ́wọ́ kí ó lè súre sí i. Ìlú Iléṣà yìí kan náà sì ni ilé ìwòsàn Wesley Guild ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì wà. Onígbàgbọ́ ni ó kọ́ ilé ìwòsàn, onígbàgbọ́ náà ni ó ń sọ pé omi àdúrà tó. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè yìí ti wà láàárín wa.

ÌJÀ KUNÍÌNÌ

Ìbéèrè náà di ìjà láàárín ogún ọdún. Nígbà tí ìjọba ń yọ àwọn aládùúrà lẹ́nu, àwọn olórí wọn kọ̀wé sí ìjọ Apostolic ní Bìrìtìkó fún ìrànlọ́wọ́. Àwọn míṣọ́nnárì bíi George Perfect àti Vaughan sì wá bá wọn gbé. Àwọn òyìnbó wọ̀nyí gbà pé Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn, wọ́n sì ń gbàdúrà fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di pé àwọn ọmọ ìjọ rí i pé wọ́n ń lo kuníìnì kí ibà má baà pa wọ́n, ariwo ta. Lójú àwọn Yorùbá, ẹni tí ń wàásù pé Jésù ni oníṣègùn tí ó sì ń gbé kuníìnì mì ní kọ̀rọ̀ ti sẹ́ ohun tí ó ń wàásù. Lójú àwọn òyìnbó náà, Ọlọ́run kò sọ pé kí a má lo ohun tí Ó dá. Láàárín ọdún 1939 sí 1941 ni wọ́n pínyà. Àwọn tí ó kọ oògùn sílẹ̀ ni ó wá di Christ Apostolic Church, tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1943. Babalola wà lára wọn títí ó fi sùn nínú Olúwa ní ọdún 1959.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìjà yìí pẹ̀lú ojú ìmọ̀ ìṣègùn. Kòkòrò ibà ni ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ara ẹ̀fọn. Ẹni tí a bí síhìn-ín ti jẹ ibà lọ́pọ̀ ìgbà láti kékeré. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ibà ń pa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bọ́ nínú rẹ̀ dàgbà, ara rẹ̀ á ti kọ́ bí a ti ń bá kòkòrò náà jà. Bí ibà bá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó lè ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó sì lọ. Òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kò ní ààbò yẹn lára. Ibà kan ṣoṣo lè gbé e lọ sọ́run.

Nítorí náà, àgbàlagbà Yorùbá tí ó kọ kuníìnì tí kò sì kú, àti òyìnbó tí ẹ̀rù ń bà láti kọ̀ ọ́, kì í ṣe ìgbàgbọ́ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ bí kò ṣe ohun tí ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù ti rí. Síbẹ̀, lójú àwọn tí ń wòran, ìgbàgbọ́ ẹnìkínní lágbára, ti ẹnìkejì sì rọ. Àṣìṣe yìí gan-an ni a ṣì ń ṣe títí di òní nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa gbogbo: a ń fi bí ara ti rí díwọ̀n ìgbàgbọ́ tí ó wà nínú ọkàn.

KÍ LÓ DÉ TÍ ÀÌSÀN FI Ń LỌ TÍ Ó SÌ Ń PADÀ?

Àwọn baba wa máa ń sọ pé bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí orísun àìsàn bá ṣì wà nínú ara, àmì rẹ̀ lè lọ, ṣùgbọ́n yóò padà. Ẹ jẹ́ kí a mú àìsàn tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa ọ̀dọ́ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ.

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde: Orúkọ tí Yorùbá fún un ti ṣàlàyé ohun gbogbo: ẹni tí ó dà bí ẹni pé yóò kú lónìí, tí yóò dìde lọ́la. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò pé nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó ní jẹ́nótáìpù AS, àti pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a ń bí pẹ̀lú àìsàn náà lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ gbà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a ń pè ní àbíkú láyé àtijọ́ ni ó jẹ́ pé àìsàn yìí ni ó pa wọ́n.

Nínú ara ẹni tí ó ní SS, hóró ẹ̀jẹ̀ pupa a máa tẹ̀ bíi dòjé. Hóró ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn a lo nǹkan bí 120 ọjọ́ láyé, tirẹ̀ kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Bí òtútù bá mú un, tàbí tí òùngbẹ gbẹ ẹ́, tàbí tí ibà mú un, tàbí tí ó ṣe wàhálà jù nígbà ìdánwò, àwọn hóró tí ó tẹ̀ yìí a dí iṣan ẹ̀jẹ̀, egungun a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lu ú. Ìrora náà lè gba ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà yóò rọlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó lè lo oṣù mẹ́ta, tàbí mẹ́fà, tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, láìní ìrora kankan.

Wàyí o, ìgbà wo ni ènìyàn máa ń lọ sí ìsọjí? Ìgbà tí ìrora bá le jù ni. Bí ìrora bá sì ti dé góńgó, ìsàlẹ̀ ni ó kù tí yóò máa lọ. Ẹni tí a gbàdúrà fún ní ọjọ́ Ẹtì tí ara rẹ̀ yá ní ọjọ́ Àìkú kò purọ́ nígbà tí ó jẹ́rìí. Ohun tí ó rí ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ìrora ni ó lọ, àìsàn kò lọ. Bí ó bá wá tìtorí ẹ̀rí náà dá folic acid àti oògùn adènà ibà dúró, tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àìsùn òru pẹ̀lú ààwẹ̀ gbígbẹ láìmu omi, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ìrora padà.

Àwọn kan a sì sọ pé jẹ́nótáìpù àwọn ti yí padà láti SS sí AA nípa àdúrà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti fẹ́ra, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Bí èsì àyẹ̀wò méjì bá yàtọ̀ síra, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a fura sí ni pé ọ̀kan nínú wọn kò pé. Kí a tún un ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí ìṣègùn mọ̀ tí ó ń mú àìsàn náà kúrò ni kí a pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun, èyí tí wọ́n ti ṣe ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Benin ní ọdún 2011, àti ìtọ́jú tuntun tí ń ṣàtúnṣe sí àbùdá ẹ̀jẹ̀, tí ìjọba Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2023, tí owó rẹ̀ sì ga bí òkè.

Ìrora tí ń fara pamọ́: Ara ènìyàn ní oje tí ń pa ìrora kú fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ lórí pápá bọ́ọ̀lù lè máa sá lọ láìmọ̀ títí eré yóò fi parí. Báyìí ni ó rí láàárín ogunlọ́gọ̀ tí ń kọrin, tí ìlù ń dún, tí ìrètí gba gbogbo ọkàn. Dókítà William Nolen ní Amẹ́ríkà lọ sí ìpàdé ìwòsàn Kathryn Kuhlman, ajíhìnrere obìnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà, ó sì tọpa àwọn tí wọ́n jẹ́rìí. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1974, ó ròyìn àwọn 23 tí ó bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé náà, kò sì rí ọ̀kan tí àìsàn ara rẹ̀ gan-an lọ. Obìnrin kan tí ó ní jẹjẹrẹ ọ̀pá ẹ̀yìn bọ́ ohun tí ó fi ń gbé ẹ̀yìn ró sọ nù, ó sì sáré lórí pèpéle. Ọ̀pá ẹ̀yìn náà wó lọ́jọ́ kejì, ó sì kú lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Obìnrin yìí kò ṣe aláìnígbàgbọ́. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sáré pẹ̀lú egungun tí ó ti jẹrà.

Àìsàn tí kì í ro ènìyàn: Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ro ènìyàn. Ẹni tí ó ní in lè dá oògùn dúró fún oṣù mẹ́fà kí ara rẹ̀ le koko, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá a gúnlẹ̀ lójijì. Wárápá lè má gbé ènìyàn fún oṣù púpọ̀, pàápàá nígbà tí ó ń lo oògùn. Bí ó bá sọ pé òun ti rí ìwòsàn tí ó sì dá oògùn náà dúró lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì lè dé léraléra tí kò ní dáwọ́ dúró, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Kòkòrò HIV ni ó burú jù nínú èyí. Oògùn tí ń dá kòkòrò náà lẹ́kun lè mú kí ó dínkù débi pé àyẹ̀wò iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ kò ní rí i mọ́. Ẹni tí a bá sọ fún pé "a kò rí i" lè rò pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó wà níbẹ̀, ó sá pamọ́ ni. Bí a bá dá oògùn dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò tún gbérí. Ní ọdún 2011, ilé iṣẹ́ ìròyìn BBC gbé e jáde pé ó kéré tán ènìyàn mẹ́ta ni ó ti kú ní London nítorí pé wọ́n dá oògùn HIV dúró lẹ́yìn tí pásítọ̀ wọn sọ fún wọn pé wọ́n ti rí ìwòsàn.

ṢÉ ALÁÌSÀN NI Ó JẸ̀BI?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa. Ẹni tí ó bá sọ pé àìsàn padà nítorí pé ìgbàgbọ́ kò tó ti sọ ohun tí a kò lè fi ẹ̀rí dì mú. Bí ara bá yá, wòlíì ni ó gba ògo. Bí ara kò bá yá, aláìsàn ni ó gba ẹ̀bi. Ọjà wo ni a ń ná báyìí tí oníṣòwò kì í pàdánù láéláé? Aláìsàn wá ní ẹrù méjì lórí: ẹrù àìsàn àti ẹrù ìtìjú.

Ìwé tí àwọn Krìstẹ́nì ń kà pàápàá kò ti ẹ̀kọ́ yìí lẹ́yìn. Pọ́ọ̀lù gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹ́ta nípa ẹ̀gún tí ó wà nínú ara rẹ̀, ẹ̀gún náà kò kúrò. Ó fi Trófímù sílẹ̀ nínú àìsàn ní Mílétù, kò sì bú u. Ó gba Tímótì nímọ̀ràn pé kí ó lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ tí ń dà á láàmú, kò sọ pé kí ó lọ tún ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ wo Ọba Hesekáyà náà. Ó sunkún, ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì dá a lóhùn. Síbẹ̀, wòlíì Àìsáyà ní kí wọ́n fi ìṣù èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo rẹ̀. Àdúrà àti oògùn wà nínú yàrá kan náà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a sì fi kún ọjọ́ rẹ̀. Ìwòsàn náà ní òpin, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé ayédèrú ni. Lásárù tí a jí dìde náà kò sí láyé mọ́ lónìí.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí àárín wa mọ̀ pé Ànábì gba àwọn ènìyàn níyànjú láti wá ìtọ́jú. Ẹ sì mọ ìtàn ọkùnrin tí ó bi í bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ìdáhùn tí ó gbà ni pé kí ó so ràkúnmí náà, kí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé E. Àwọn àgbà ilẹ̀ wa náà wí pé àìsàn ló ṣe é wò, kò sẹ́ni tó rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lójú kan: ṣe ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ, fi ìyókù sílẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá, má sì dá ẹni tí ó ṣubú lẹ́bi.

Ǹjẹ́ èyí túmọ̀ sí pé kí a má gbàdúrà fún aláìsàn mọ́? Rárá o. Ẹni tí ó ti dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Warri níbí, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú tí wọ́n sì gbàdúrà, mọ̀ pé ara a máa fúyẹ́. Ìbẹ̀rù a dínkù, oorun a wá, ènìyàn a tún ní okun láti gbé oúnjẹ àti oògùn mì. Àǹfààní gidi ni èyí, àìsàn ìbáà padà, ìbáà má padà. Àwọn onígbàgbọ́ Bàptísì tí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn sí Èkù, tí kò jìnnà sí wa, mọ èyí dáadáa: wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ gúnni.

BÍ A TI Ń DÁN Ẹ̀RÍ WÒ

Àwọn kan gbà pé ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ ẹ̀rí wò ń ṣiyèméjì sí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jésù wo adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá sàn, ohun tí ó ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n lọ fi ara wọn han àlùfáà. Gẹ́gẹ́ bí òfin inú Léfítíkù, àlùfáà ni ó ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ara adẹ́tẹ̀ wò, ẹni náà yóò sì dúró fún ọjọ́ méje lẹ́yìn òde àgọ́ rẹ̀ kí ètò ìwẹ̀nùmọ́ rẹ̀ tó parí. Ìyẹ̀wò ni ó ṣáájú, ariwo ayọ̀ ni ó tẹ̀lé e.

Ìjọ Kátólíìkì ń ṣe irú rẹ̀ ní Lourdes ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń rọ́ lọ láti ọdún 1858. Láti ọdún 1883 ni wọ́n ti ní ilé iṣẹ́ àwọn dókítà níbẹ̀ tí ń yẹ ẹ̀rí wò. Wọn kò ní gbà á bí àìsàn náà kò bá jẹ́ èyí tí ó le, bí ìwòsàn náà kò bá dé lójijì, bí kò bá pé, tàbí bí kò bá tọ́jọ́. Nínú ẹ̀rí tí ó ju 7,000 lọ, 70 péré ni ìjọ náà ti fọwọ́ sí ní ìṣẹ́ ìyanu títí di ọdún 2018. Ẹ̀kẹtàdínláàádọ́rin kọ́, ẹ̀kẹtàlélọ́gọ́ta kọ́, àádọ́rin gan-an ni èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún náà: obìnrin ẹlẹ́sìn kan tí ara rẹ̀ yá ní ọdún 2008 ni. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi wò ó. Nílé wa níbí, Àjọ tí ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, NBC, pàṣẹ ní ọdún 2004 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n dẹ́kun gbígbé iṣẹ́ ìyanu tí a kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Àwọn kan bínú sí i. Ṣùgbọ́n wúrà tòótọ́ kì í bẹ̀rù iná.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Fún àwa tí a wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ohun tí ó yẹ kò le púpọ̀.

Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ara rẹ̀ yá lẹ́yìn àdúrà. Kí ó padà lọ sọ́dọ̀ dókítà fún àyẹ̀wò. Bí ìwòsàn bá ti dé ní tòótọ́, àyẹ̀wò yóò fi hàn, dókítà fúnra rẹ̀ ni yóò sì sọ pé kí ó dá oògùn dúró.

Èkejì, kí a mọ ìwà àìsàn tí ó ń ṣe wá. Ẹni tí ó mọ̀ pé fòníkú-fọ̀ladìde a máa rọlẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kò ní pe oṣù méjì ní ìwòsàn.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn olórí ẹgbẹ́ àdúrà má ṣe fi ipá mú aláìsàn jẹ́rìí ní ọjọ́ tí a gbàdúrà fún un. Kí wọ́n jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀rí tí ó dúró fún ọdún kan wúlò ju ẹ̀rí ogún tí kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Ẹ̀kẹrin, bí ọ̀rẹ́ wa bá sọ pé àìsàn òun ti padà, kí a má ṣe bi í nípa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kí a bi í pé, "Ṣé o ti jẹun? Ṣé oògùn rẹ kù? Ta ni yóò sìn ọ́ lọ sí ilé ìwòsàn?" A jìnnà sí ilé. Bàbá wa kò sí nítòsí, ìyá wa kò sí nítòsí. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí ni ẹbí ara wa níhìn-ín. Ẹni tí ìtìjú bá mú kí ó fi ìrora pamọ́ nínú yàrá rẹ̀ lè kú sínú yàrá náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ìgbàgbọ́ tí a nílò ni èyí tí ó lè wo aláìsàn lójú ní ọjọ́ tí àìsàn padà, tí kò ní sá fún un, tí kò sì ní wá ẹ̀bi sí i lọ́rùn. Ìsọjí yóò parí, àwọn agbohùnsókè yóò dákẹ́, wọn yóò tú àgọ́ náà palẹ̀, wòlíì yóò sì kọjá lọ sí ìlú mìíràn. Àwa ni a jọ kù nínú ọgbà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: iṣẹ́ wà fún àdúrà, iṣẹ́ wà fún dókítà, iṣẹ́ sì wà fún ọ̀rẹ́ tí ó jókòó ti aláìsàn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní àlàáfíà. Ire o.